Ta Ni Yóò Máa Ṣọ́ Sátẹ́láìtì?

Bí wọ́n bá ti gbé sátẹ́láìtì lọ sójú sánmà, a ó pàtẹ́wọ́. Lójú tèmi, ìgbà náà ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo Galileo, sátẹ́láìtì ajúwe-ọ̀nà ti Yúróòpù. Ní oṣù keje ọdún 2019, ìjúwe ọ̀nà rẹ̀ dá fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Nǹkan kan kò ṣe àwọn sátẹ́láìtì náà lókè; ilẹ̀ níhìn-ín, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò àkókò àti ipa ọ̀nà wọn, ni ọ̀ràn wà. Kí aago fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá yẹ̀ péré, ó ti fi 300 mítà ṣini lọ́nà.

Àwa náà ńkọ́? NigComSat-1 gòkè ní 2007. Ní 2008, iná rẹ̀ kú. (Ọ̀ràn iná kò fi wá sílẹ̀ lójú sánmà pàápàá!) NigComSat-1R rọ́pò rẹ̀ ní 2011. Òun ni àjọ ASECNA, tí Benin àti Tógò wà nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2020 láti dán àmì tí ń mú kí ìjúwe ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú péye wò. Ọdún 15 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí á ti máa kọ́ àwọn tí yóò ṣọ́ àrọ́pò rẹ̀. Kí ìjọba sì ya owó oṣù wọn sọ́tọ̀ kí wọ́n tó ra òmíràn.