Àjẹ́ Tó Ké, Abẹ́rẹ́ Tí Kò Ké

Àwọn àgbà ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní Ẹdẹ fi dájọ́ ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2017, nígbà tí ìròyìn jáde pé Sẹ́nétọ̀ Isiaka Adétúnjí Adélékè, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ṣẹ̀rùbàwọ́n, ti kú. Ẹni ọdún 62 ni. Òun ni gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, òun ló ń ṣojú Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀ṣun nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ó sì ti fi hàn pé òun fẹ́ padà sórí àga gómìnà nínú ìdìbò ọdún 2018. Kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ó dùbúlẹ̀ àìsàn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti gba ìlú kan: wọ́n fún un ní májèlé jẹ ni. Bí ẹ bá sì béèrè pé ta ni “wọ́n” yìí, olúkúlùkù ló ti ní ẹni tó ń na ìka sí.

Kí á má fojú yẹpẹrẹ wo òwe náà o. Ó ń kọ́ wa pé gbòǹgbò ọ̀rọ̀ òní lè wà nínú ilẹ̀ àná, àti pé ẹni tó bá halẹ̀ kí àgbákò tó dé kò gbọdọ̀ bínú bí ojú bá kọ́kọ́ yí sí i. Ìfura loògùn àgbà. Ibi tí èmi ti yà kúrò lẹ́yìn àwọn tó ń pa á ni pé wọ́n ń fi ìbẹ̀rẹ̀ ìwádìí ṣe òpin rẹ̀. Igbe kan ṣoṣo ló wà nínú òwe, ikú kan ṣoṣo ló sì tẹ̀ lé e. Nínú òṣèlú Ọ̀ṣun ńkọ́? Òròòru ni àjẹ́ ń ké níbẹ̀. Láti ìgbà tí Adélékè ti di gómìnà lábẹ́ ẹgbẹ́ SDP ní ọdún 1992, títí tó fi bá PDP dé ilé aṣòfin, títí tó fi bínú kúrò níbẹ̀ lọ sí APC ní ọdún 2014, ó níye ẹni tó bá ṣọ̀rẹ́, ó sì níye ẹni tó bá figa gbága. Bí igbe bá wà ní àná ikú rẹ̀, igbe wà ní àná ọ̀pọ̀lọpọ̀ òwúrọ̀ tó jí sáyé ní àlàáfíà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ kò lè dá nìkan ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

Kí wá ni ẹ̀rí wí? Kí wọ́n tó sin ín sílé rẹ̀ ní Ẹdẹ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá LAUTECH ní Òṣogbo fún àyẹ̀wò. Ìgbésẹ̀ yẹn yẹ ní yíyìn, nítorí ìsìnkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò sì ní gbà kí ọ̀bẹ kan òkú wọn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé ìwádìí kọ́rónà, ìyẹn ìwádìí ohun tó fa ikú, kalẹ̀, tí májísíréètì Olúṣẹ́gun Ayílárà sì gbọ́ ẹjọ́ náà. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé nígbà tí ara ń ro olóògbé, nọ́ọ̀sì kan wá fún un lábẹ́rẹ́ nílé, àti pé àpọ̀jù oògùn ìrora pẹ̀lú oògùn amúnisùn wà lára ohun tó gbẹ̀mí rẹ̀. Ìwádìí náà kò ká májèlé mọ́ ọ̀tá kankan lọ́wọ́.

Àwọn kan á ní: ìjọba tí aráàlú ń fura sí, ṣé òun náà ni yóò tún gbé ìwádìí kalẹ̀? Ìbéèrè yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí kò bá fọkàn tán ìwádìí lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n gbé àyẹ̀wò lọ sí ibòmíràn, kí agbẹjọ́rò tirẹ̀ da ìbéèrè bo àwọn ẹlẹ́rìí, kí dókítà tirẹ̀ náà yẹ àbọ̀ wò. Ohun tí kò tọ́ ni kó ju ẹ̀rí nù nítorí ẹni tó gbé e wá, kó wá fi àhesọ tí a kò mọ ẹni tó bí i rọ́pò rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wa rí. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998, níbi tí MKO Abíọ́lá ti ń bá àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ ní Àbújá, àìsàn kì í mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tó mu tíì, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Àwọn dókítà tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè yẹ òkú wò, wọ́n ní àrùn ọkàn ni. Ó ti lé ní ọdún 25 báyìí, tíì ọ̀hún kò tíì tutù lẹ́nu àwọn èèyàn wa. Mi ò dá wọn lẹ́bi tán, torí ìjọba ológun tó fagi lé ìbò rẹ̀ kò ṣe ohun tí a fi lè gbà á gbọ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìtàn tíì bò mọ́lẹ̀: ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ kò le ni wọ́n tì mọ́lé fún ọdún mẹ́rin. Ẹ̀sùn yẹn nìkan tó ìjọba náà.

Wọ́n á tún ní ẹni tó fura a máa tọ̀nà. Òótọ́ ni. Alexander Litvinenko, amí Rọ́ṣíà tẹ́lẹ̀ tó sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù, mu tíì ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2006. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kú. Ojú ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ní Rọ́ṣíà ni. Àwọn mìíràn ní òun ló pa ara rẹ̀, àwọn kan tún ń na ìka sí olówó kan, Boris Berezovsky, tó jẹ́ alábàárìn rẹ̀. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ní igbe àjẹ́ tirẹ̀ tó gbọ́. Ohun tó wá ya irọ́ kúrò lára òótọ́ ni polonium-210, májèlé tó fi ipa sílẹ̀ lára ìkòkò tíì, nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì àti nínú bàálù. Oṣù kìíní ọdún 2016 ni Adájọ́ Robert Owen tó jábọ̀ pé Andrei Lugovoi àti Dmitry Kovtun ló ṣe é, ó sì jọ pé Ààrẹ Putin fọwọ́ sí i. Rọ́ṣíà ṣì ń sẹ́. Ẹni tó pariwo Rọ́ṣíà ní ọjọ́ kìíní bọ́ sórí òótọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ní Ẹdẹ, àhesọ kò dúró lẹ́nu. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2017, Adémọ́lá, àbúrò olóògbé, tó ti fi APC sílẹ̀ lọ sí PDP, wọlé sí àga tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì hàn sí mi pé ìbànújẹ́ àti ìfura náà tò sórí ìlà ìbò. Ìyẹn kò burú. Olùdìbò ló ni ìbò rẹ̀. Èyí tó dùn mí ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá wa sọ. Àjẹ́ tó ké nìkan ni òwe yìí ń gbọ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ kì í ké. Oògùn ìrora líle àti oògùn amúnisùn máa ń dẹ èémí. Bí wọ́n bá pàdé nínú ẹ̀jẹ̀, èémí lè dúró pátápátá. Síbẹ̀, láti Òkè-Gàdà dé Sábó, olówó àti tálákà ló ń ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò wá gún wọn lábẹ́rẹ́ nílé, láìsí dókítà tó kọ oògùn, láìsí ìwé tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí. Bí ikú gómìnà tẹ́lẹ̀ kò bá mú ìlú jókòó lé ọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ ikú ta ni yóò mú un jókòó.

Títí di òní, kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi pé ó fún Adélékè ní májèlé jẹ. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí, kóòtù ṣì ṣílẹ̀ ní Òṣogbo. Ẹni tí kò bá ní, kó yéé darúkọ ọmọlọ́mọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ na apá fún abẹ́rẹ́ nílé lálẹ́ òní, ẹ jọ̀ọ́, kó kọ́kọ́ béèrè orúkọ oògùn náà, iye tó wà nínú abẹ́rẹ́, àti dókítà tó kọ ọ́, kí ẹlòmíràn nínú ilé sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀.