Gbígbọ̀n Yàtọ̀ sí Lílọ́: Orúkọ Àìsàn àti Oògùn Ọpọlọ



Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí á máa wo ara aláìsàn bákan náà kí á tó sọ àìsàn rẹ̀ lórúkọ. Bí ẹni tó ti ń lo oògùn ọpọlọ fún ọdún mélòó kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í mi àgbọ̀n bí ẹni ń rún obì, láìsí obì lẹ́nu, tó ń yọ ahọ́n, tó sì ń ṣẹ́jú ṣáá, kíá ni ará ilé yóò pè é ní gìrì tàbí wárápá. Àwọn mìíràn yóò ní ayé ló ń ṣe é. Oògùn náà gan-an ló sábà máa ń fà á.

Oògùn bíi chlorpromazine, tí wọ́n ti ń lò fún àìsàn ọpọlọ láti 1952, àti haloperidol, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Belgium ní 1958, ti dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà sí ààrin ẹbí wọn. Wọ́n ń dí ọ̀nà dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń jíṣẹ́. Ṣùgbọ́n èròjà yìí kan náà ni ọpọlọ fi ń darí ọwọ́, ẹsẹ̀ àti ẹnu. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá.

Èdè wa ní ọ̀rọ̀-ìṣe tó tó láti ya wàhálà náà sọ́tọ̀. Bí ọrùn bá *lọ́*, tí ojú yí sókè, láàrin ọjọ́ díẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ilé ìwòsàn ni kí á sáré lọ. Bí ọwọ́ bá ń *gbọ̀n*, tí ara sì *gan*, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Èyí tó ń mi àgbọ̀n àti ahọ́n lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún ni àwọn oníṣègùn ń pè ní tardive dyskinesia. Nítorí pé ó máa ń pẹ́ kó tó yọjú, mo pè é ní *ìmira apẹ́kótódé*, bí àwọn àgbà ṣe ṣẹ̀dá apẹ́kótójẹun.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe eré onímọ̀ èdè. Benzhexol, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Artane, ń dín gbígbọ̀n àti gígan kù, ṣùgbọ́n ó lè mú ìmira apẹ́kótódé burú sí i. Bí a bá kàn sọ fún dọ́kítà pé "ara rẹ̀ ń gbọ̀n", oògùn tí kò yẹ ló lè kọ.

Àwọn kan yóò ní kí aláìsàn da oògùn rẹ̀ nù. N kò fara mọ́ ọn. Àìsàn ọpọlọ lè padà, ìmira náà sì lè peléke. Dọ́kítà ni kó dín in kù díẹ̀díẹ̀, tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí kì í sábà fa ìmira, bíi clozapine. Ní 2017, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn méjì fún àìsàn yìí: valbenazine àti deutetrabenazine.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ mọ sórí kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá ní orúkọ tó dára ju tèmi lọ, ẹ mú un wá. Kí ará ilé sì máa ṣọ́ ibi tó ń mì, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tí aláìsàn ń lò, kí wọ́n sọ ọ́ fún dọ́kítà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.