Ìwé Kíkà Nínú Ilé Onígbàgbọ́

Ní ọjọ́ Ìsinmi ní Ilé-Ifẹ̀, ẹni tí ó bá dúró ní Ẹ̀nuwà tàbí ní ojú ọ̀nà Ìrémọ yóò rí ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú aṣọ mímọ́, tí olúkúlùkù wọn gbá Bíbélì mọ́ abẹ́ apá. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olúkúlùkù wọn dáhùn nínú ọkàn rẹ̀: láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta, níbo ni Bíbélì náà ń gbé? Nínú ilé púpọ̀, orí àpótí ni, lábẹ́ fìlà baálé, tí eruku sì ti bò ó. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí láàrin ọ̀sẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọkọ́ tí àgbẹ̀ gbé kọ́ sí àjà nígbà tí koríko ń gba oko mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kì í ṣe báyìí ni ìwé ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1821 ni wọ́n kó Samuel Ajayi Crowther lẹ́rú ní Òṣóògùn. Ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní ọdún 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé kíkà. Ní ọdún 1843 ni ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kó jọ jáde. Ọdún 1884 sì ni odindi Bíbélì tó wà ní èdè Yorùbá. Ó lé ní ogójì ọdún tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe làálàá, kí ará oko àti ará ìlú lè rí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run kà ní èdè tí ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n. Ó ha yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ parí sí abẹ́ apá?

Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn baba ìjọ kò ya ìwé ìgbàgbọ́ nípa kúrò lára ìwé ayé. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, ìròyìn ìjọ àti ìròyìn òwò jọ wà nínú rẹ̀ ni. Ẹni tí ó ń múra ìrìbọmi a sì máa kọ́ ìwé ABD pẹ̀lú.

Àwọn kan a máa wí pé àgbẹ̀ ni àwọn, pé ìwé jẹ́ ti akọ̀wé àti ti àwọn tí ń bẹ ní Yunifásítì. Lóòótọ́, láti ọdún 1967 tí Yunifásítì ti ṣí láti Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀ ni ìlú náà ti di ìlú ìwé. Síbẹ̀, àgbẹ̀ ni àìkàwé ń jẹ níyà jù. Oògùn tí ó ń fín sí kòkó, ara páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n omi rẹ̀ sí, àti iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹnikẹ́ni tó ká èso. Ẹni tí kò kà á lè pa kòkó rẹ̀, ó sì lè fi májèlé sínú ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá gbé kòkó dé orí ìwọ̀n, kílò 1,000 ni tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tí kò lè ka ojú ìwọ̀n, ohun tí oníbàárà bá pè ni yóò gbà. Bákan náà ni ìwé ilẹ̀: ẹni tí ó bá tẹ ìka sí ohun tí kò kà, ó lè ti ta ogún àwọn ọmọ rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀ràn ìlera. Nínú àwọn oògùn ibà òde òní, èyí tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ fún ọjọ́ 3. Ọ̀pọ̀ a máa dá a dúró ní ọjọ́ kejì nítorí pé ara ti fúyẹ́, ibà náà a sì tún padà. Ara páálí ni wọ́n kọ ìkìlọ̀ náà sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí agbára oògùn náà yóò tán.

Àwọn mìíràn tún wà, olùfọkànsìn ènìyàn, tí wọ́n ní ìwé yòówù tí kì í bá ṣe Bíbélì jẹ́ ti ayé. Kí wọ́n rántí pé ilé ìtẹ̀wé ìjọ C.M.S. ni ó tẹ *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* jáde ní ọdún 1938, èyí tí D. O. Fagunwa, ọmọ Òkè-Igbó, kọ. Ìwé tí ó kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n àti èdè mímọ́ kò bá Bíbélì jà.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ń sọ pé ariwo ìlú kò jẹ́ kí àwọn ráyè. Ṣùgbọ́n ìwẹ̀fà ará Etiópíà inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, nínú kẹ̀kẹ́ ni ó ti ń ka ìwé Aísáyà, lójú ọ̀nà àjò. Ẹni tí ó jókòó sí ìsọ̀ ní Ọjà Tuntun, tí ó sì ń retí oníbàárà, ó ní àyè ju ti ìwẹ̀fà náà lọ. Tẹlifóònù ọwọ́ rẹ̀ pàápàá lè gbé odindi Bíbélì. Ìsọkúsọ ni ó ń kà nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹni tí kò sì ka Bíbélì fúnra rẹ̀, wòlíì èké yòówù tí ó bá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dúró ní ibùdókọ̀ ni yóò kó o lówó lọ. Àwọn ará Bèríà kò gba ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàápàá láìwádìí rẹ̀ nínú ìwé lójoojúmọ́.

Nítorí náà, kí baálé ilé mú orí kan lálaalẹ́, kí wọ́n kà á sókè. Kí ọmọ ka ìwé, kí ìyá àgbà tí kò mọ̀ ọ́n kà gbọ́, kí ó sì béèrè ìtumọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan sì dá ẹ̀kọ́ alẹ́ sílẹ̀ fún àwọn àgbà ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí iṣẹ́ kòkó bá ti dẹwọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Kò yẹ kí ẹni tí ó mọ̀wé wà nínú ìjọ, kí aládùúgbò rẹ̀ máa tẹ ìka sí ìwé tí yóò ba ilé rẹ̀ jẹ́.