Ẹ San Àwìn Ìyá Onígàárì

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ara ò tíì tu mẹ̀kúnnù. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, epo bẹntiróòlù tí lítà rẹ̀ kò tó ₦200 ti fò kọjá ₦500. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ìlú. Lóòótọ́, ìjọba gbé owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní ₦30,000 sí ₦70,000. Ṣùgbọ́n ìṣirò àjọ tó ń ka nǹkan fún ìjọba fúnra rẹ̀ fi hàn ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé oúnjẹ tí èèyàn rà ní ₦100 lọ́dún tó ṣáájú ti di nǹkan bí ₦140.

Nínú ìnira yìí, iṣẹ́ kan ń lọ lọ́jà tí kì í sí nínú ìṣirò kankan, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ wo ìyá onígàárì. Ó wọn kóńgò tán, ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì nìyẹn. Owó ọkọ̀ ti mú kí ẹ̀kúnwọ́ ọ̀hún kéré sí ti àtijọ́, àmọ́ kò tíì kúrò. Èyí tó wá ju èènì lọ ni ìwé pélébé tó wà lábẹ́ àtẹ rẹ̀, níbi tó ń kọ orúkọ sí: Ìyá Ṣadé, Bàbá Tájù, Tíṣà. Báńkì wo ló máa yá tíṣà ní owó gàárì títí di ìparí oṣù láìbéèrè onídùúró, láìgba èlé?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwìn yìí ń ná an. Ká ní ó ta gàárì ₦10,000 láwìn, tí oníbàárà sì san án lẹ́yìn oṣù méjì. Ní gbogbo àkókò yẹn, owó tó yẹ kó fi ra àpò mìíràn wà nínú ikùn ẹlòmíì. Nígbà tí ₦10,000 náà máa fi padà sọ́wọ́ rẹ̀, àpò gàárì ti gbówó lórí, kò lè ra iye tó tà mọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ, síbẹ̀ ó ti pàdánù. Lásìkò ọ̀wọ́ngógó, ẹ̀bùn ni àwìn, ẹni tí kò ní púpọ̀ ló sì ń fi í tọrẹ. Mo mọ̀ pé ó mọ ìṣirò yìí jù mí lọ. Ó ṣì ń bu gàárì.

Ẹ fi ọrẹ rẹ̀ yìí wé irú àánú mìíràn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 kú ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn, níbi tí èrò ti ya lọ gba ẹ̀bùn ọdún. Ìṣẹ́ ló lé àwọn ìyá wọn débẹ̀. Kí Ọlọ́run tu wọ́n nínú. Àánú tó bá gba pé ká fi ìkéde kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo léwu púpọ̀. Obìnrin tó ní ìwé pélébé mọ ilé tí ebi wà, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni tò síwájú ẹnu ọ̀nà.

Èyí ò yọ ìjọba nínú ẹ̀bi o. Ìyá onígàárì ò lè tún ọ̀nà ṣe, kò lè sọ epo di ọ̀pọ̀. Kí olóṣèlú kankan má ṣe máa yìn wá pé a ní ìfaradà, kó wá fi ìyẹn rọ́pò iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dìbò fún un.

Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ wa wà lọ́wọ́ wa. Ẹ̀yin tí nǹkan ṣì rọ̀ fún díẹ̀, ẹ bi ìyá onígàárì wò kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé gbèsè ta ló pẹ́ jù nínú ìwé yẹn, kí ẹ san díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ má fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí orúkọ yín wà nínú rẹ̀, tí owó sì ti wọlé, ẹ tètè gba ìsọ̀ rẹ̀ kọjá lónìí. Bí agbára bá sì gbé e, ẹ fi nǹkan lé e, nítorí iye tí ẹ jẹ ẹ́ ti ju iye tó kọ sílẹ̀ lọ.