Ọlá Ìyá Àgbà Kì í Ṣe Ti Ẹnu Lásán

Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àgbà wa tí ogun lé ni mo gbé wá. Ní apá àríwá Èkìtì, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́ títí kan Ìdó, agbo ilé tí kò ní ìyá ńlá kan tí ó sá àsálà nínú ìtàn rẹ̀ kò pọ̀. Ayédé pàápàá, àwọn asásálà ni ó kún inú rẹ̀ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1845, tí wọ́n kó ara wọn jọ sábẹ́ Èṣùbíyì jagunjagun. Ẹni tí ogun ń lé kì í rí ẹrù gbé. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ àti lẹ́nu àwọn obìnrin wa ni wọ́n gbé sá: kíjìpá híhun, alámọ̀ kíkọ, òrìṣà bíbọ.

Kí ni a wá fi ń yìn wọ́n? Bí ọdún ìlú bá dé, a ó dá aṣọ ẹbí tí a rà láti òkè òkun, a ó sì sọ̀rọ̀ dídùn nípa àṣà. Bí ọdún bá tán, ẹni tí ó ń hun, tí ó ń gbẹ́, tí ó ń kọrin yóò máa wá owó gaàrí kiri. Mo ní ẹ̀tàn ni. Oníṣẹ́ ọnà kì í fi ìyìn se ọbẹ̀.

Àwọn kan nínú wa yóò wí pé, ‘Ọnà òde òní kì í ṣe ti ìyá àgbà, ńṣe ni àwọn ọ̀dọ́ ń ba àṣà jẹ́.’ N kò gbà. Ẹni tí ó sá dé ìlú tuntun kò lè ṣe ohun gbogbo bí wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú àná. Ayédé gba òrìṣà tí oníkálùkù gbé wá, ó sì tò wọ́n ní ọ̀nà tirẹ̀. Ọwọ́ àtijọ́, iṣẹ́ tuntun: ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wo Ọ̀yẹ́. Láti 1947 dé 1954, Fadá Kevin Carroll ti Ìjọ Àgùdà kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ síbẹ̀. Bándélé, ọmọ Areogun ará Òsi, wà níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ láti Ìlá sì wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú ọnà ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n gbẹ́, àwọn amòye tí ó wá kí Jésù múra bí ọba Yorùbá. Lámídì di ẹni tí ayé mọ̀ títí ó fi kú ní 2009. Iṣẹ́ náà kò kú, nítorí pé ẹnì kan ń san owó rẹ̀. Ohun tí ó dùn mí ni pé àlejò ni ó san án, nígbà tí púpọ̀ nínú àwa ọmọ onílé ń pe ère ní nǹkan kèfèrí.

Ẹlòmíràn yóò ní kí oníṣẹ́ ọnà polówó ọjà rẹ̀ bí oníṣòwò yòókù. Ṣé Olówè ará Ìsè gbé ilẹ̀kùn àfin Ìkéré rù kiri ọjà ni? Ògògà ni ó gbé iṣẹ́ fún un.

Nítorí náà, mo dábàá báyìí. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ láti 2011, ó sì ní ẹ̀ka ní Ìkọ̀lé. Bí a bá ń kọ́ ilé síbẹ̀, kí ilẹ̀kùn kan ó jẹ́ iṣẹ́ agbẹ́gilére tí ó wà láàyè. Kí ẹgbẹ́ tiwa náà yọ nínú owó àsè ọdọọdún, kí a fi gba iṣẹ́ kan lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà agbègbè náà: ìdajì owó kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì nígbà tí ó bá parí. Kí a má sì pàṣẹ fún un pé ohun tí bàbá rẹ̀ gbẹ́ ni kí ó tún gbẹ́.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìyá àgbà, kí ó mú owó jáde.