Ẹ Kọ́ Ilé Ẹja Kí Ẹ Tó Ra Ẹja

 

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ẹja ọbẹ̀ o, ẹja inú gíláàsì ni. Àbígbẹ̀yìn mi obìnrin ni ó bẹ̀ mí títí kí n ra ẹja pupa kan tí ó rí lọ́wọ́ ẹni tí ń tà wọ́n nínú ìgò. Lẹbẹ rẹ̀ gùn, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú omi bí ìborùn ìyàwó. Mo rà á. Ẹni tí ó tà á ní ìgò náà ti tó, pé ẹja yìí kò fẹ́ àyè. A gbé e sórí tábìlì, a ń fún un ní búrẹ́dì láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹfà, omi ti dúdú, ẹja sì ti léfòó. Ọmọ náà wò mí lójú, ó ní, "Bàbá mi, ṣé ebi ni ó pa á ni?" N kò rí èsì fún un. Ìyá rẹ̀ ni ó dá a lóhùn: "Ebi kọ́ o. Ẹni tí bàbá rẹ bá tì mọ́ inú ṣáláńgá, ṣé ó lè yè?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ohun tí mo sì kọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ọmọ tiyín má baà bi yín ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Betta ni orúkọ ẹja náà. Ilẹ̀ Táílàńdì, tí a ń pè ní Siam tẹ́lẹ̀, ni ó ti wá. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní pla kat, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹja tí ń buni jẹ. Charles Tate Regan, onímọ̀ nípa ẹja, ni ó fún un ní orúkọ Betta splendens ní ọdún 1910, ìjọba Táílàńdì sì fi í ṣe ẹja orílẹ̀-èdè wọn ní ọdún 2019. Inú irà àti oko ìrẹsì ni ó ń gbé. Omi ibẹ̀ kì í jìn, òun ni àwọn kan fi ń sọ pé ìgò tó o. Ṣùgbọ́n omi tí kò jìn kì í ṣe omi tí kò fẹ̀. Oko ìrẹsì lọ rẹrẹ, ewéko sì kún inú rẹ̀. Lóòótọ́, ẹja yìí a máa yọjú sókè omi láti gba afẹ́fẹ́ sínú, nítorí náà kì í tètè kú nínú omi búburú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tètè kú kọ́ ni ẹni tí ara rẹ̀ yá.

Kí ni ó pa ti wa nígbà náà? Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù ni ó ń di amóníà, májèlé tí ojú kò rí. Nínú omi tí a ti tọ́jú pẹ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan wà tí ń sọ amóníà di náítíráìtì. Májèlé ni èyí náà. Àwọn mìíràn a wá sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí ewéko sì ń fi ṣe oúnjẹ. Ara asẹ́, ara òkúta àti ara ewé ni àwọn kòkòrò rere wọ̀nyí ń gbé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni wọ́n sì sábà máa ń lò kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí mo fi wí pé ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́.

Ní ti àpótí gíláàsì, ẹ wá èyí tí yóò gba omi lítà 20, tí ó dín díẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì tí a fi ń pọn omi. Èyí tí ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, tí ó fẹ̀ ní 25, tí ó sì ga ní 25, ó dára. Bí omi bá dé sẹ̀ǹtímítà 20 nínú rẹ̀, lítà 20 náà nìyẹn. Àyè tí ó kù lókè ni ẹja yóò ti máa mí. Ẹ fi ìdérí tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá bò ó, nítorí ẹja yìí a máa fò jáde. Omi náà nìkan wọn kílò 20, nítorí náà ẹ má gbé e sórí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì. Ẹ má sì gbé e sí ojú oòrùn, kí omi má baà gbóná jù, kí ohun yíyọ̀ aláwọ̀ ewé má sì bo gíláàsì.

Ẹ fọ òkúta wẹ́wẹ́ títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ ra asẹ́ fóòmù kékeré tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń bá ṣiṣẹ́, nítorí ẹja tí lẹbẹ rẹ̀ gùn kò lè bá omi líle jìjàkadì. Bí omi yín bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n fi kilorínì sí, ẹ ra oògùn tí ń pa kilorínì lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ẹja, nítorí kilorínì ń pa ẹja, ó sì ń pa àwọn kòkòrò rere náà. Ìwọ̀n ooru tí ó bá betta lára mu ni 24 sí 28 ní Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ẹ máa wò ó lóru ìgbà ọyẹ́. Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní láti ra ẹ̀rọ tí ń mú omi lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ní ti ewéko, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ewé tòótọ́, nítorí ewé ike líle a máa ya lẹbẹ. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Anubias, kì í sì í ṣe àlejò sí wa: ó ń hù létí odò nínú igbó gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà àti ní Kámẹ́rúùnù. Ìdí rẹ̀ nípọn bí ata ilẹ̀ kékeré. Ẹ má rì í mọ́lẹ̀, yóò jẹrà. Òwú ni kí ẹ fi so ó mọ́ òkúta. Ẹ lè fi ojú oró díẹ̀ sí ojú omi, ojú oró tí a fi ń ṣe àdúà pé ó ń lékè omi. Ṣùgbọ́n kí ó má bo ju ìlàjì lọ, kí ẹja lè rí ibi mí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dúró. Lójoojúmọ́ ẹ ju oúnjẹ ẹja bíńtín sínú omi tí kò tíì ní ẹja, kí ó jẹrà, kí àwọn kòkòrò rere lè rí oúnjẹ. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kí ẹ̀fọn má sọ ọ́ di ilé ìbímọ. Ohun ìdánwò omi wà lọ́jà. Ọjọ́ tí amóníà àti náítíráìtì bá di òdo, tí náítíréètì sì yọjú, ilé ti parí. Ní ilé wa, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni. Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ kú ìtọ́jú òkúta." Mo fara dà á.

Nígbà náà ni kí ẹ wá ra ẹja. Akọ kan ṣoṣo ni o. Bí akọ méjì bá pàdé, wọn yóò ya ara wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi wọ́n jà fún eré tàbí fún owó. Ẹ yan èyí tí ara rẹ̀ yá, tí kò ní àmì funfun bí hóró iyọ̀ lára, tí ìpẹ́ rẹ̀ kò ta sókè. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá rẹ̀ léfòó nínú àpótí fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó tú u sílẹ̀.

Ẹran ni betta ń jẹ, kì í ṣe búrẹ́dì. Hóró oúnjẹ betta mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ti tó. Tanwíji dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti inú gọ́tà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi náà, ẹ má dà á nù tán. Omi inú àpótí tí ẹ bù jáde ni kí ẹ fi fún fóòmù, kí ẹ má baà pa àwọn kòkòrò rere. Bí iná bá lọ tí kò tètè dé, ẹ fún un bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ padà.

Ẹja wa kejì ti lo ju ọdún kan lọ báyìí. Bí ọmọ náà bá ti jí, ó ti sáré lọ kí i, ẹja náà a sì wá pàdé rẹ̀ létí gíláàsì. Kò bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́. Ohun abẹ̀mí tí kò lè sọ̀rọ̀, tí a fi owó ara wa rà wọlé, ọrùn wa ni ó wà.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Má-ásàlámù.