Àtẹ́wọ́ Kì í Gbé Bàálù Fò

Ní ọdún 2007, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Kánò fi ẹ̀yà àlòkù ọkọ̀ àti alùpùpù ṣe hẹlikọ́pítà. Ìlú pàtẹ́wọ́ fún un; ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ kì í kọ́ni níṣẹ́. Bàálù tí a ń tà ní ẹ̀yà-ẹ̀yà, tí olówó rẹ̀ yóò tò fúnra rẹ̀, ni irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ nílò.

Èyí kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. RV-6A, bàálù àtòfọwọ́ṣe láti Amẹ́ríkà, ni iléeṣẹ́ AIEP ní Kàdúná sọ di Air Beetle, tí àwọn ọmọ ogun òfurufú fi kọ́ bí a ti ń wa bàálù.

Àwọn kan ní títo ohun tí òyìnbó ti gé sílẹ̀ kì í ṣe ìmọ̀. Irọ́ ni! Ní Amẹ́ríkà, òfin béèrè pé kí ẹni tí ń ṣe irú bàálù bẹ́ẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ju ìlàjì iṣẹ́ náà lọ. Òkè òkun náà ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Henry Townsend ti wá sí Abẹ́òkúta. Síbẹ̀, Ìwé Ìròhìn ọdún 1859 di ògo Ẹ̀gbá.

Kí ìjọba Ògùn ra ẹyọ kan fún Pólì Moshood Abíọ́lá ní Òjéré, pẹ̀lú olùkọ́ tó mọṣẹ́, kí àjọ NCAA sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí ọwọ́ ẹni bá tò ni ọwọ́ ẹni lè tún ṣe.